Ilé géèmù àtijọ́ kan ní Wuse 2, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ

Ẹ̀yin ará Abuja, mo mú ọmọ mi lọ síbẹ̀ ní Sátidé, inú mi ṣì ń dùn títí di ìsinsìnyí. Wọ́n ní Pac-Man, wọ́n ní Space Invaders, àwọn ẹ̀rọ ńláńlá téèyàn ń dúró gbá. Tókìn, ohun kékeré bíi kọ́ìnì téèyàn ń jù sínú ẹ̀rọ kó tó lè gbá géèmù, lẹ máa rà ní káńtà.

Pong, géèmù tó dà bíi tẹníìsì orí tábìlì, gan-an ló mú mi dúró. Mo ń ṣàlàyé fọ́mọ mi pé Nolan Bushnell àti Ted Dabney ló dá Atari, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù, sílẹ̀ ní 1972, àwọn náà ló ṣe géèmù Computer Space ní 1971 àmọ́ ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ tà, ó le jù fáwọn tó ń mutí ní báà, ni Al Alcorn, ẹnjiníà wọn, bá ṣe Pong tó rọrùn, wọ́n gbé e sí báà kan ní Sunnyvale, California, kò pẹ́ ló dákẹ́, ìgbà tí Alcorn ṣí i wò, àṣé owó ẹyọ ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́! Ọmọ mi ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká tún gbá a."

Bọ́tìnnì Space Invaders ti ń le o, kí wọ́n bá wa tún un ṣe. Ooru ibẹ̀ náà pọ̀, AC kan ò tó. A máa padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.