Àgbéyẹ̀wò ẹ̀rọ tí ń wọn eré ọta, fún ẹni tí ó fẹ́ kí ọta ìbọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ yára sí i

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni èyí tí àwọn tí ń yin ìbọn afẹ́fẹ́ ń pè ní chronograph, ìyẹn ẹ̀rọ tí a fi ń mọ bí ọta ṣe ń sáré tó bí ó bá ti ń kúrò lẹ́nu ìbọn. Mo rà á nítorí pé mo fẹ́ kí ọta ìbọn mi yára ju bí ó ṣe wà lọ, àwọn ọ̀nà tí àwọn ènìyàn sì ń dárúkọ fún iṣẹ́ yìí pọ̀ débi pé ẹni tí kò bá ní ohun ìwọ̀n lọ́wọ́ kò lè ya òótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àhesọ. Etí kò lè wọn eré ọta, nítorí pé ìbọn tí ó dún kíkankíkan lè máa ta ọta rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ dún sì máa ta tirẹ̀ kíákíá. Ìbọn tí mo fi dán ẹ̀rọ náà wò jẹ́ oní-sípíríǹgì, irú èyí tí a ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ kí a tó ki ọta sí i, ìwọ̀n ihò ọ̀pá rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 4.5.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ó ní ojú méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, gígùn àlàfo tí ó wà láàárín wọn kì í sì í yí padà. Bí òjìji ọta bá ti kọjá lórí ojú àkọ́kọ́, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Bí òjìji náà bá kan ojú kejì, á dá kíkà dúró, á sì ṣírò eré ọta láti inú gígùn àlàfo náà àti àkókò tí ọta lò níbẹ̀. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ ni ohun tí ó ń gbé ẹ̀rọ yìí ró, ìmọ́lẹ̀ náà ni ó sì ń da iṣẹ́ rẹ̀ rú. Níta gbangba, ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run ni ó máa ń ka nǹkan dáadáa jù lọ, nítorí pé oòrùn ọ̀sán gangan a máa tàn sí ojú rẹ̀ tààrà débi tí kò fi ní rí òjìji ọta rárá. Nínú ilé, iná mànàmáná tí ń ṣẹ́jú lọ́nà tí ojú ènìyàn kò lè rí a máa tàn án jẹ, á sì kọ iye tí kò ṣeé gbàgbọ́ síwájú ẹni. Ẹni tí yóò bá lò ó nínú ilé ní láti ra iná infrared, ìyẹn iná tí ojú ènìyàn kò lè rí, tí a ṣe fún un mọ́ ọn, ohun tí ó sì bí mi nínú ni pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà á.

Ohun mìíràn wà tí ìwé ìlànà rẹ̀ kò sọ tó. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ tò gbọọrọ pẹ̀lú ọ̀nà tí ọta ń gbà, nítorí pé bí ó bá dagun, ọ̀nà tí ọta gbà láàárín ojú méjèèjì á gùn ju èyí tí ẹ̀rọ mọ̀ lọ, iye tí yóò kọ kò sì ní péye. Bákan náà, àyè tí ó wà láàárín rẹ̀ àti ẹnu ìbọn kò gbọ́dọ̀ máa yí padà láti ọjọ́ kan sí òmíràn, nítorí pé kíákíá ni eré ọta ìbọn afẹ́fẹ́ máa ń dínkù bí ó bá ti jáde. Ẹ gbé ohun tí ó nípọn sí ẹ̀yìn ibi tí ọta ń lọ, ẹ wọ awò tí ń dáàbò bo ojú, ẹ sì fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi kan ọta òjé.

Ìmọ̀ràn tí a kọ́kọ́ máa ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ènìyàn ni pé kí a lo ọta tí ó fúyẹ́. Lóòótọ́, eré á pọ̀ sí i, ẹ̀rọ yìí sì fi í hàn lójú ẹsẹ̀. Ọta òjé tí ó wọ́pọ̀ fún irú ìbọn yìí ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 0.52, nínú ìbọn tèmi ó sì ń jáde ní nǹkan bíi mítà 240 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí mo ki ọta tí a fi irin fífúyẹ́ ṣe, tí kò ní òjé nínú, tí ó sì wọn gíráàmù 0.35, eré náà fò dé nǹkan bíi 285. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀ á rò pé ìbọn òun ti di alágbára. Ṣùgbọ́n agbára tí ọta gbé lọ kì í ṣe eré nìkan: a ó mú ìdajì ìwúwo rẹ̀ ní kílógíráàmù, a ó fi eré rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, a ó sì tún fi eré kan náà sọ èsì yẹn di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ọta òjé gbé nǹkan bíi júùlù 15 (júùlù ni a fi ń wọn agbára), èyí tí ó fúyẹ́ gbé júùlù 14 ó lé díẹ̀. Mo tún fi ọta wíwúwo tí ó wọn gíráàmù 0.68 sí i, ó sì jáde ní nǹkan bíi mítà 205. Agbára tirẹ̀ náà kò ju júùlù 14 ó lé díẹ̀ lọ. Ìbọn náà ní ìwọ̀nba agbára tí ó lè fún ọta, iye tí ó wà lójú ẹ̀rọ sì kàn ń sọ bí ọta ṣe ná agbára yẹn ni.

Èyí ló jẹ́ kí n máa wo iye ńlá tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára páálí ìbọn pẹ̀lú ìfura. Ọta tí ó fúyẹ́ jù lọ tí wọ́n lè rí ni wọ́n sábà máa ń fi wá irú iye bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá sì lo ọta òjé gidi kò ní rí i láéláé. Ó tún wá kù: ọta fífúyẹ́ kì í lè di eré rẹ̀ mú. Mo gbé ẹ̀rọ náà lọ sí mítà 25, mo fi pákó nípọn dáàbò bo iwájú rẹ̀, mo sì rí i pé gbogbo àǹfààní tí ọta fífúyẹ́ ní lẹ́nu ìbọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí ó fi dé ibẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ tètè máa ń dá ohun tí kò ní ìwúwo dúró.

Lẹ́yìn ìwúwo ni bí ọta ṣe bá ihò ọ̀pá ìbọn mu. Ìdí ọta tí a ń lò fún ìbọn wọ̀nyí máa ń ní ihò nínú, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ etí, kí afẹ́fẹ́ lè tì í fẹ̀ kí ó fi di ọ̀pá náà pinpin. Inú agolo kan náà ni a ti lè rí ọta tí orí rẹ̀ fi díẹ̀ tóbi ju ti ẹnìkejì lọ, àti èyí tí ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí ìrìn àjò. Èyí tí ó bá tú jù á jáde kí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ tó kún; èyí tí ó bá há jù á ná agbára lórí híhá. Nígbà tí mo fara balẹ̀ ṣa àwọn tí ìdí wọn tẹ̀ kúrò, tí mo sì ń fi òṣùwọ̀n kékeré wọn èyí tí ó kù, eré tí ó ga jù lọ kò yí padà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọta kan sí òmíràn dínkù gan-an. Ní tèmi o, èyí wúlò ju kí iye kan ṣoṣo ga lọ, nítorí pé ọta tí eré wọn kò dọ́gba kò lè balẹ̀ sí ojú kan náà.

Ibi tí mo ti rí eré gidi ni ibi tí n kò retí rárá, ìyẹn òrùka rọ́bà tí ó wà níbi tí ọ̀pá ìbọn ti ń pa dé mọ́ sìlíńdà, ìyẹn ihò irin tí a ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń nu ọwọ́ lé orí ibi ìpadé náà, ẹ yin ìbọn náà pẹ̀lú ọta nínú rẹ̀, ẹ sì wo bóyá bébà náà mì. Tèmi fò sókè. Mo yọ òrùka rọ́bà àtijọ́ náà kúrò, mo fi páálí tín-ín-rín sí abẹ́ tuntun kí ó lè yọrí díẹ̀, mo sì pa ìbọn náà dé. Ọta òjé kan náà fi nǹkan bíi mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yára sí i, ìyàtọ̀ àárín ọta sí ọta sì tún dínkù. Owó tí ohun náà gbà kò tó nǹkan, síbẹ̀ kò sí ẹni tí í fi í ṣe ìmọ̀ràn àkọ́kọ́.

Sípíríǹgì líle ni gbogbo wọn máa ń sọ. Mo ra ọ̀kan, mo sì gbé e fún ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà tí ó ní irin tí a fi ń di sípíríǹgì mú nígbà tí a bá ń tú ìbọn, nítorí pé sípíríǹgì tí a fún pọ̀ lè já bọ́ kí ó sì ṣe ènìyàn léṣe. Èrè tí ó mú wá kò tó nǹkan. Ìdí rẹ̀ ni pé písítìnì, ìyẹn irin tí sípíríǹgì ń tì síwájú nínú sìlíńdà, kì í ti ọta fúnra rẹ̀. Ó máa ń fún afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ pọ̀ ni, afẹ́fẹ́ yẹn á gbóná, á sì gba ihò kékeré kan lọ bá ọta. Bí a bá ta písítìnì náà ju bí ó ti yẹ lọ, afẹ́fẹ́ tí ó ti fún pọ̀ á tì í padà sẹ́yìn kí ọta tó jáde, agbára tí a rò pé a fi kún un á sì ṣòfò níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ìbọn náà le láti ṣẹ́, ó ń ta ènìyàn léjìká sẹ́yìn, ó tún ń fò síwájú, ìdè awò tí a fi ń wo àmì tí ó wà lórí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo dá sípíríǹgì àtijọ́ padà.

Ti ọ́ìlì ni kí a ṣọ́ra fún. Bí ọ́ìlì bá wà níwájú písítìnì, ooru afẹ́fẹ́ tí ó fún pọ̀ lè mú kí ó gbiná, ìbọn á dún bí ẹni pé ó ní ẹ̀tù, èéfín á jáde, iye ojú ẹ̀rọ á sì ga lójijì. Ní Jámánì, wọ́n ti ṣe ìbọn kan rí tí a mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ láti máa jó ether, ìyẹn olómi tí ó tètè máa ń gbiná, nínú sìlíńdà rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn tí a ṣe fún un nìyẹn. Nínú ìbọn lásán, ó máa ń ba rọ́bà orí písítìnì jẹ́, ó máa ń ṣẹ́ sípíríǹgì, ó sì lè ṣe ẹni tí ó gbé ìbọn dání léṣe. Mo rí díẹ̀ lára rẹ̀ nítorí ọ́ìlì tí ó ṣẹ́kù láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ìbọn náà, iye tí ẹ̀rọ ń kọ sì ń fò sókè sódò títí ọ́ìlì náà fi jó tán. Àǹfààní kan tí ẹ̀rọ yìí ní nìyẹn: ó fi hàn pé ìbọn kò tíì balẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé iye tí a bá kọ nígbà náà. Gírísì moly díẹ̀, ìyẹn gírísì tí a fi èròjà molybdenum sí, ní ibi tí irin ti ń ha irin ti tó.

Eré náà ní ibi tí ó yẹ kí ó mọ. Ìró ń rìn ní nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan bí ooru bá wà ní ìwọ̀n 20 ti Celsius, ọta tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìbàdí kò sì ní ìwà dáadáa bí ó bá ti ń sún mọ́ iye yẹn. Á máa mì, á sì máa yà kúrò lójú ọ̀nà. Pẹ̀lú ọta fífúyẹ́ ọ̀hún, ihò orí páálí mi fọ́n káàkiri, nígbà tí ọta òjé tí ó lọ́ra jù ú lọ ń kó ara wọn jọ. Àwọn tí ń díje nínú ìbọn afẹ́fẹ́ onímítà 10, tí ó wọ ìdíje Òlíḿpíìkì ní 1984, kì í wá eré rárá; ìbọn tí ọta rẹ̀ kò yára tó tèmi ni wọ́n fi ń lu àmì tí ó kéré ju orí ìṣó lọ.

Òfin tún wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbọn afẹ́fẹ́ gígùn tí agbára rẹ̀ bá ju nǹkan bíi júùlù 16 lọ ti di ìbọn tí a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún. Ní Jámánì, júùlù 7.5 ni ààlà. Ẹni tí ó ń tún ìbọn ṣe láìní ẹ̀rọ ìwọ̀n lè ré kọjá ààlà láìmọ̀, ọta kan ṣoṣo tí ó bá ìbọn náà mu ju ti àtẹ̀yìnwá lọ sì lè tó láti gbé e kọjá. Nítorí náà, oríṣiríṣi ọta ni kí a fi wọn agbára ìbọn kí a tó sọ pé ó wà lábẹ́ òfin.

Ní ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ó máa ń ṣírò júùlù fúnra rẹ̀ bí a bá ti tẹ ìwúwo ọta sí i, ó ń tọ́jú iye tí ó kọ, ó sì ń sọ èyí tí ó ga jù, èyí tí ó kéré jù àti àárín wọn. Bátìrì rẹ̀ ń pẹ́. Ojú ìkàwé rẹ̀ kò ṣeé rí dáadáa nínú oòrùn, àwọn ọ̀pá tí ó gbé ìbòrí rẹ̀ sì jẹ́ ike tí kò lágbára. Bí ọta bá kan ọ̀kan, á dá. Àwọn tí ń lo ìbọn tí a ń rọ afẹ́fẹ́ sínú agolo rẹ̀ á jẹ àǹfààní rẹ̀ jù mí lọ, nítorí pé wọ́n lè fi mọ ibi tí eré ọta ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ bí afẹ́fẹ́ agolo bá ń dínkù, kí wọ́n sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n tún un rọ. Bí mo bá tún fẹ́ ra ọ̀kan, èyí tí iná infrared ti wà nínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni n ó rà, kódà bí owó rẹ̀ bá fi díẹ̀ ju ti èyí lọ.