Zotero gbà mí lọ́wọ́ àtúntẹ̀

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe lẹ́nu géètì yunifásítì kan, ó ti lé lọ́dún méjìlá. Tẹ́ ẹ bá bi mí ibi tó ń dá akẹ́kọ̀ọ́ lóró jù nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ojú ìwé ìtọ́kasí tó wà lẹ́yìn pátápátá ni, níbi tí wọ́n ń to àwọn ìwé tí wọ́n lò sí.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé iṣẹ́ kan náà wá lẹ́ẹ̀mẹta. Olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ APA, ọ̀kan nínú àwọn ìlànà tí wọ́n fi ń to ìwé ìtọ́kasí; MLA àti Chicago náà wà lára wọn. Ẹni tó yẹ iṣẹ́ ọ̀hún wò ní MLA lòun mọ̀. Nígbà tó fẹ́ fi orí kan ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tó ń gbé ìwádìí jáde, Chicago ni wọ́n béèrè. Ìwé 71 ló tọ́ka sí, ọwọ́ ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. APA ní kí n gé orúkọ àbísọ òǹkọ̀wé kù sí lẹ́tà kan, kí n fi ọdún sínú àkámọ́ tẹ̀ lé e. MLA ní kí n kọ orúkọ náà pé, kí ọdún wà lẹ́yìn. Ìwé ò yí padà, òǹkọ̀wé ò yí padà! APA gan-an ò dúró lójú kan: ẹ̀dà kẹfà ní ká kọ ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé, ẹ̀dà keje tó jáde ní 2019 ní ká yọ ọ́ kúrò.

Àbúrò mi ló fi Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn to ìwé ìtọ́kasí, sórí kọ̀ǹpútà mi. Ọ̀fẹ́ ni, láti 2006 ló sì ti wà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa kó orúkọ ìwé sínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti wà nínú Word, ẹ yan ìlànà tí wọ́n fẹ́, gbogbo rẹ̀ á tò. Mo fi iṣẹ́ ọmọ yẹn dán an wò: lẹ́yìn tí mo kó ìwé rẹ̀ sínú rẹ̀ tán, omi tí mo gbé kaná ò tíì hó tó fi yí APA sí MLA.

Ó ní àbùkù. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá àtijọ́ ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó fọwọ́ tẹ̀ wọ́n sínú rẹ̀ ni. Ẹ sì ṣọ́ àmì ohùn: tẹ́ ẹ bá kọ Adébáyọ̀ níbì kan, tẹ́ ẹ kọ Adebayo níbòmíràn, èèyàn méjì ló máa kà á sí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìlànà tó wà fún un lé ní 10,000. Ẹgbàárùn-ún ọ̀nà láti sọ ẹni tó kọ ìwé àti ọdún tó jáde! Ó yẹ kí àwọn yunifásítì wa jókòó, kí wọ́n mú ẹyọ kan, kí wọ́n sì sọ bí a ó ṣe máa kọ orúkọ Yorùbá tòun tàmì nínú rẹ̀. Títí wọn ó fi ṣe é, mi ò gba owó àtúntò ìwé ìtọ́kasí lọ́wọ́ ọmọ tó bá ti kó tirẹ̀ sínú Zotero mọ́.