timestamptz ti PostgreSQL: aago Ìbàdàn, aago Lọ́ńdọ̀nù

Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni mo ti ń lo PostgreSQL, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, fún ètò kékeré kan tí mo kọ, tí àwọn tíṣà n'Ìbàdàn fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní Yorùbá. timestamp lásán, irú àyè àkókò inú rẹ̀ tí kò ka aago ìlú kankan sí, ni mo fi tọ́jú àkókò ẹ̀kọ́. Ìyá ọmọ á kọ 17:00, tíṣà á rí 17:00. Oṣù mẹ́fà gbáko, kò sí wàhálà. Mo ní mo mọ̀ ọ́n ṣe, àṣé ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó ló bò mí láṣìírí: lásìkò yẹn, aago kan náà ni àwa àtàwọn ń lò.

Ó di ọjọ́ Àìkú 27 oṣù kẹwàá, wọ́n dá aago tiwọn padà sẹ́yìn. Márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọ̀hún di mẹ́fà níbí. Tíṣà wọlé ní márùn-ún, ó jókòó títí, kò rí ẹnì kan, ó pa kọ̀ǹpútà. Mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, fóònù mi dún: "Bọ̀ọ̀dá, ṣé tíṣà ti gbàgbé wa ni?"

Ẹ̀bi mi ni. Àmọ́ timestamp lásán náà dákẹ́ jù. Mo kọ '2024-10-27 17:00+00' sínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn (+00 ni àmì aago Lọ́ńdọ̀nù lásìkò náà); ó gbà á, ó gbé +00 sọ nù, kò tiẹ̀ wúkọ́. Mo kọ ọ́ sínú timestamptz, irú kejì tó ń ka aago ìlú sí, mo ní Africa/Lagos ni mo wà, ó dáhùn: 18:00:00+01, aago tiwa. Bẹ́ẹ̀, àyè kan náà, báìtì mẹ́jọ mẹ́jọ, làwọn méjèèjì ń gbà.

Orúkọ rẹ̀ ló ń tanni. Ẹni tó gbọ́ "with time zone", tí tz dúró fún, á rò pé ó ń rántí ìlú tí àkókò náà ti wá. Kò rántí o! Ó ti yí i sí UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, kó tó tọ́jú rẹ̀, aago tí ẹ bá yàn ló sì máa fi kà á fún yín. Peckham ni o, Porto-Novo ni o, kò mọ̀ mọ́. Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, ọ̀kan ni mo yọ fún ìyẹn. Mẹ́rin ló kù.

Owó tí wọ́n ti san, ẹ̀kọ́ tó ti parí, timestamptz ni gbogbo wọn wà báyìí. Ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni n kò fi lé e lọ́wọ́: 17:00 wà ní kọ́lọ́ọ̀mù kan, 'Europe/London' wà ní èkejì, ètò á ṣírò aago wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú 30 oṣù kẹta 2025 tí wọ́n tún sún aago síwájú, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo àmàlà mi títí márùn-ún fi kọjá. Kò dún.