The Walking Dead: ìjà alààyè ló ń ṣílẹ̀kùn fún òkú

Mo ti wo The Walking Dead, eré sọ́ńbì (òkú tó ń rìn) tó jáde ní Amẹ́ríkà, tán, láti abala àkọ́kọ́ tó jáde lórí AMC, iléeṣẹ́ amóhùnmáwòrán ibẹ̀, ní October 31, 2010, títí dé èyí tó kẹ́yìn ní November 2022. Sáà 11 ni, abala 177. Ẹni tó bá fẹ́ dáwọ́ lé ohun tó gùn tó báyìí yẹ kó mọ ibi tó dùn àti ibi tó ti máa sú u. Mo máa sọ ẹni tó kú àti bó ṣe kú o, kí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ dúró níbí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò nínú eré sọ́ńbì ni bóyá ọ̀rọ̀ àárín àwọn èèyàn inú rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń sá àsálà jọ ń rìn pọ̀. Sọ́ńbì fúnra rẹ̀ kò ní ìwà. Àkúdàáyà tí àwọn àgbà ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wa ṣì ń ṣòwò, ó ń fẹ́yàwó, ó ń bímọ nílùú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù sì ń bà á kí ará ilé má lọ rí i. Òkú inú eré yìí kàn ń rìn, ó ń jẹran èèyàn. Kò korìíra ẹnikẹ́ni. Orí alààyè ni gbogbo ẹrù ìtàn wà, bí òǹkọ̀wé bá sì sọ ẹrù náà sílẹ̀ torí kó lè ráyè yìnbọn, kò sẹ́ni tó máa bá a gbé e.

Abala àkọ́kọ́, tí Frank Darabont kọ tó sì darí, mọ èyí dáadáa. Rick Grimes, ọlọ́pàá kan ní ìpínlẹ̀ Georgia, jí nílé ìwòsàn, ó bá ayé tó ti bàjẹ́. Morgan, tí Lennie James ṣe, ló gbà á sílé, òun àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ìyàwó Morgan ti kú, ó ti dìde, ó sì ń wá sẹ́nu ọ̀nà lóru, ó ń yí ọwọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, Morgan gba òkè ilé yìnbọn fún àwọn òkú yòókù kí ìyàwó rẹ̀ lè jáde síta. Ó jáde lóòótọ́. Morgan wò ó nínú dígí ìbọn, ó sunkún, kò lè yìn ín. Lásìkò yẹn gan-an, Rick padà lọ bá òkú obìnrin kan tí ara rẹ̀ ti já sí méjì, tó ń wọ́ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí koríko. Ó kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀, ó sì yìnbọn fún un. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ti mọ irú ọkùnrin tí àwọn méjèèjì jẹ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní sáà kejì falẹ̀, pé ọ̀rọ̀ pọ̀ jù nínú oko Hershel, àgbẹ̀ tó gba Rick àti àwọn èèyàn rẹ̀ sílé. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Sophia, ọmọ Carol, obìnrin kan lára àwọn èèyàn Rick, sọ nù sínú igbó, wọ́n sì wá a títí. Hershel kó àwọn òkú mọ́ inú àká oko rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wà nínú wọn, ó ń bọ́ wọn bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn. Ó yẹ kí àwa Yorùbá tètè mọ ohun tó ń ṣe é, torí kì í ṣe gbogbo ilé ló lè ju òkú ẹni rẹ̀ sígbó kó má ṣe ìsìnkú. Àṣírí àká yẹn dá ìjà sílẹ̀: Glenn, ọmọkùnrin kan lára àwọn èèyàn Rick, ò lè pa á mọ́, Rick ń bẹ̀bẹ̀, inú ń bí Shane, ọ̀rẹ́ Rick tí wọ́n jọ ṣe ọlọ́pàá. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Shane ló já àgádágodo, àwọn òkú tú jáde, gbogbo wọn tò, wọ́n ń yìnbọn lálá. Ẹni tó jáde kẹ́yìn ni Sophia. Kò sẹ́ni tó lè gbé ìbọn mọ́, àfi Rick. Bí kì í bá ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó gùn jù yẹn, ọmọ kan lásán ni ì bá jáde nínú àká.

Ibi tí ó ti bàjẹ́ lójú mi ni ìparí sáà 6. Negan, olórí àwọn ọ̀tá Rick, gbé igi béèsìbọ́ọ̀lù tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí sókè, wọn ò sì fi ẹni tó lù hàn wá títí di October 23, 2016, tí sáà 7 bẹ̀rẹ̀. Abraham, ọ̀kan lára àwọn èèyàn Rick, ni, lẹ́yìn náà Glenn, ọmọkùnrin tí ohùn rẹ̀ gba Rick là lórí rédíò nínú ọkọ̀ ogun ní Atlanta. Wọ́n sọ ikú irú ẹni bẹ́ẹ̀ di àlọ́ àpamọ̀. Ó dùn mí gan-an. Sáà 8 wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀tá ń yìnbọn sí ọ̀tá láti abala dé abala, ẹni tó ń ṣubú ò lórúkọ, kò sì sí ẹni tó dúró sunkún. Àwọn tó ń wò ó ní Amẹ́ríkà ju mílíọ̀nù 17 lọ nígbà tí sáà 5 bẹ̀rẹ̀. Abala tó kẹ́yìn ní 2022 kò rí mílíọ̀nù mẹ́ta.

Angela Kang gba àkóso ní sáà 9, ẹ̀mí sì padà sínú eré náà. Ó mú àwọn Whisperers wọlé, èèyàn tó ń bo awọ òkú sójú tí wọ́n sì ń bá agbo òkú rìn. Ní itẹ́ òkú kan, Jesus (bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é) ju idà sí òkú kan, òkú náà yẹ̀ ẹ́, ó sì gún un lọ́bẹ. Mo pariwo. Láti ọjọ́ náà, òkú kọ̀ọ̀kan tó ń bọ̀ lè jẹ́ ẹnì kan tó ń ronú, ìbẹ̀rù àti ọ̀rọ̀ sì tún so pọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ má fo nǹkan kan láti sáà 1 dé 5. Nínú sáà 8, abala 9 nìkan tó, torí ìdágbére Carl, ọmọ Rick. Sáà 11 gùn jù ní abala 24, òṣèlú Commonwealth, ìlú ńlá kan nínú eré náà, sì fà á gùn láàárín, ṣùgbọ́n ẹ lè fara dà á. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé bá yín jókòó.

Ẹni tí kò bá sì ní àyè ju ti sáà kan lọ, kó mú ìkẹrin. Àìsàn wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ṣe ilé, ẹni tó bá kú lórí ibùsùn á dìde láàárín àwọn aláìsàn. Hershel, bàbá arúgbó tó kó òkú sínú àká nígbà kan, ló wọlé lọ tọ́jú wọn, ó ń gbé àwọn tó ti kú kúrò lójú àwọn tó kù kó tó gún wọn lórí, kí ẹ̀rù má bàa pa àwọn yẹn. Níta, ọgbà onírin ń wó, Rick àti Carl ń yìnbọn. Nínú abala 14, Carol wà pẹ̀lú ọmọdébìnrin kan, Lizzie, ẹni tó gbà pé àwọn òkú ò yàtọ̀ sí wa, tó sì pa àbúrò rẹ̀ kó lè fi hàn pé á padà jí. Ohun tí Carol ṣe sí i lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fojú ara yín wò ó.