Irun tó já nítorí fítámì àlòjù: ká jáwọ́, àbí ká fi òògùn mìíràn kún un?

Tí fítámì A àlòjù bá já irun èèyàn, àwọn kan l'Ékòó á jáwọ́, wọ́n á dúró de irun. Àwọn mìíràn á gba Ìdúmọ̀tà lọ ra báyótìn (ọ̀kan lára àwọn fítámì B) àti síńkì (èròjà mínírà kan) nítorí irun náà.

Jíjáwọ́ la fara mọ́. Inú ẹ̀dọ̀ ni fítámì A máa ń kó jọ sí, kì í bá ìtọ̀ jáde wẹ́rẹ́ bíi fítámì C. Nítorí náà, irun ṣì lè máa já fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn téèyàn ti jáwọ́. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀, tí wọ́n á tún sáré ra òògùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Ẹ ka ara ike gbogbo ohun tí ẹ ń lò, títí kan cod liver oil (òróró ẹ̀dọ̀ ẹja), kí ẹ ro fítámì A inú wọn pọ̀: 10,000 IU (ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára ike) lójúmọ́ ni òpin fún àgbàlagbà. Ẹ dín ẹ̀dọ̀ màlúù kù. Epo pupa kò léwu, ìwọ̀nba tí ara nílò ló ń sọ di fítámì A.

Báyótìn ńkọ́? 30 mcg lójúmọ́ ti tó. Hóró 10,000 mcg ni wọ́n ń tà. Ó lè mú àyẹ̀wò ọkàn àti ti tàírọ́ìdì (ẹṣẹ́ inú ọrùn) gbé èsì tí kò tọ̀nà jáde. Síńkì 50 mg lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kì í jẹ́ kí ara gba èròjà kọ́pà, ìyẹn sì ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Òògùn ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè yẹ, bí àyẹ̀wò ferritin (tó ń fi iye èròjà irin tí ara kó pamọ́ hàn) bá lọ sílẹ̀.

Aláboyún, tàbí ẹni tí orí ń fọ́ tí ojú rẹ̀ sì ń ṣe bàìbàì, kó tètè lọ rí dókítà.