Àbùùbùtán Tó Tán Lẹ́ẹ̀mẹta

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta iyán ní Kétu, kò jìnnà sí Àkàbà Ìdèǹnà. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń gún un. Ìgbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ mi lórí ọkọ̀ òkun (ilé ìdáná ni mo wà níbẹ̀, àlùbọ́sà ni mò ń gé jù), ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ibi tí o bá dé, jẹun níta, kí o wá ròyìn fún mi." Òun ni mo kọ èyí fún, ẹ̀yin yòókù ẹ bá a kà á.

Ibi tí mo dé lóṣù Keje ni Longyearbyen, ní Svalbard, àwọn erékùṣù tó jẹ́ ti Norway. Láti ibẹ̀ dé góńgó ayé lápá àríwá, nǹkan bíi kìlómítà 1,300 ló kù. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ò ju bíi 2,500 lọ. Igi kan ṣoṣo ò sí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Kí ni wọ́n wá fi ń dáná?" Mo ní iná mànàmáná ni. Ó ní, "Hẹn-ẹn, oúnjẹ wọn ò lè dùn nìyẹn." Mi ò bá a jiyàn, torí mi ò tíì sọ èyí tí mo jẹ.

Ọkọ̀ wa dúró láti ọ̀sán títí di ọ̀gànjọ́. Èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Philippines, la jọ sọ̀kalẹ̀. Létí ìlú, wọ́n gbé pátákó kan dúró tí wọ́n ya béárì funfun sí, kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀ lè mọ irú ẹni tó fẹ́ lọ kí. Àmì sì wà lẹ́nu ọ̀nà sọ́ọ̀bù pé kí a má gbé ìbọn wọlé. Nínú ìlú fúnra rẹ̀, àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù ń jẹko láàárín ilé bí ewúrẹ́ Kétu, kò sẹ́ni tó ń lé e.

Ilé oúnjẹ àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo èèyàn inú ọkọ̀ ń pariwo rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní ká bọ́ bàtà. Àṣà àwọn awakùsà èédú ni, kí eruku dúdú má baà wọlé. Èédú ló kúkú dá ìlú náà sílẹ̀ lọ́dún 1906. Mo fẹ́ràn àṣà yìí, ó dà bí ìgbà téèyàn ń wọ mọ́ṣáláṣí, àfi pé ìbọ̀sẹ̀ mi ọ̀tún ti lu níbi àtàǹpàkò, ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ sì rí i.

Mùsùlùmí ni mí. Àgbọ̀nrín tí wọ́n yìnbọn pa, mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni ṣe bísímílà sí i, mo fi í sílẹ̀ fún ẹlẹgbẹ́ mi. Ohun inú òkun ni mo ń wá. Ni mo bá rí àbùùbùtán nínú ìwé oúnjẹ wọn! Norway ṣì ń pa á, òfin wọn gbà á láyè. Láti kékeré la ti ń gbọ́ nípa ẹja tí gbogbo ìlú ń bù tí kò tán. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn, à-bù-ù-bù-tán. Mo sún àga mọ́ tábìlì.

Àwo dé. Ó tóbi bí atẹ tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń ṣa ẹ̀wà. Lórí rẹ̀, ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta, pupa bí ẹ̀dọ̀, ewé méjì, àti ẹ̀kán ọbẹ̀ kan tó dà bí ẹni pé ó ṣèèṣì kán síbẹ̀. Mo bù ú lẹ́ẹ̀kan. Mo bù ú lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tán. Ó dá mi lójú pé àwọn tó sọ ẹja yẹn lórúkọ kò dé ilé oúnjẹ olówó rí.

Ṣé ó dùn? Ó sún mọ́ ẹran màlúù ju ẹja lọ. Èéfín wà lára rẹ̀, ó rọ̀, adùn ẹ̀dọ̀ sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Kò burú. Àmọ́ tútù ni wọ́n gbé e wá, iyọ̀ nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Kírónà 210 ni mo san, bíi 12,000 sẹ́fà. Lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mú 1,000 sẹ́fà wá, iyán, ẹ̀gùsí àti ẹran, ìdìde á sì nira fún ọ. Ẹlẹgbẹ́ mi san 380 fún àgbọ̀nrín tirẹ̀. Ó ní ẹran ìgbẹ́ gidi ni, ó sì fi búrẹ́dì nu àwo náà mọ́, nítorí náà n ó gbà pé ó dùn.

Ìdí tó fi wọ́n yé mi. Oko ò sí níbẹ̀. Láti orí tòmátì dórí ẹyin, ọkọ̀ òkun tàbí ọkọ̀ òfurufú ló ń gbé e wá. Wọn ò tiẹ̀ ń gba owó orí lórí ọjà níbẹ̀, ó sì tún wọ́n tó báyìí. Ohun tí kò yé mi ni wákàtí kan gbáko tí a fi jókòó de ẹran mẹ́ta tí kò rí iná.

Ibì kejì, ilé kọfí ni, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kọfí gbóná, ó dára. Wọ́n fi wàrà kan tó pọ́n bí yangí, tó dùn bí ṣúgà tó jóná díẹ̀, sórí àkàrà pẹlẹbẹ. Èmi tí mo fi wàrà Fúlàní dàgbà, èyí tí a ń dín nínú òróró, ẹnu mi ò mọ ohun tí yóò fi ṣe. Ẹlẹgbẹ́ mi jẹ tèmi mọ́ tirẹ̀.

Ibì kẹta lọ̀rọ̀ wà. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti lù, ebi ń pa wá, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. (Láti nǹkan bíi 20 oṣù Kẹrin títí di 23 oṣù Kẹjọ, kì í wọ̀ níbẹ̀ rárá. Ìgbà wo ni kí n wá kírun Màgàríbà? Aago Kétu ni mo tẹ̀ lé, kí Ọlọ́run gbà á.) Ẹlẹgbẹ́ mi pàdé obìnrin ará ìlú rẹ̀ kan, òun ló júwe ilé kékeré kan tí àwọn ará Thailand ti ń ta oúnjẹ. Kí ó má yà yín lẹ́nu: ará Philippines àti ará Thailand pọ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1920, wọn kì í béèrè físà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbé Svalbard, bó bá ti lè bọ́ ara rẹ̀. Àmọ́ Norway ni yóò gbà kọjá, ibẹ̀ sì ń béèrè.

Tábìlì mẹ́rin péré, ó há. Kí n tó jókòó ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé: gbì, gbì, gbì. Odó! Odó kékeré, ata àti ààyù ni wọ́n ń gún nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà nídìí odó ò ní gbọ́ ìró yẹn kó má mọ̀ ọ́n. Ara mi balẹ̀.

Obìnrin tó ń ta oúnjẹ níbẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ kó ta. Mo ní kó ta. Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó tún bi mí. Mo yọ ike ata gígún tí ẹ̀gbọ́n mi dì fún mi, mo gbé e ka orí tábìlì. Kò bi mí mọ́.

Ìrẹsì funfun tó ga bí ebè, ọbẹ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè, edé, ata wẹ́wẹ́ tí wọ́n ò tiẹ̀ là. Ọbẹ̀ náà ń hó nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Imú mi ń ṣomi, ojú mi ń ṣomi, ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣẹ̀sín. Kírónà 195, bíi 11,000 sẹ́fà. Ó wọ́n, mi ò ní purọ́, edé tó wà nínú rẹ̀ ò sì ju mẹ́rin lọ, mo kà á. Ṣùgbọ́n mo yó.

Òkè tó wà lókè pápákọ̀ òfurufú wọn ni ilé tí wọ́n ń tọ́jú irúgbìn gbogbo ayé sí, láti ọdún 2008. Irúgbìn ẹ̀wà tí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, kó ránṣẹ́ láti Ìbàdàn wà níbẹ̀ láti ọdún náà. Ẹ̀wà tiwa wà nínú òkè wọn, kò sì sí ilé oúnjẹ tí mo dé tó bu ẹ̀wà síwájú mi. Ẹ̀gbọ́n mi rò pé mò ń ṣàwàdà.

Bí ọ̀nà bá gbé yín débẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kò lu, ẹ fi àwo ńlá sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ yà á ní fọ́tò, kí ẹ tẹ̀ lé ìró odó.

Ìdajì ata mi ni mo fi sílẹ̀ fún obìnrin yẹn. Òun náà bu omi ẹja tí wọ́n fi ń ṣe ọbẹ̀ wọn sínú ìgò kékeré fún mi. Nígbà tí mo dé Kétu, ẹ̀gbọ́n mi ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Irú olómi rèé." Ó kán an sínú ẹ̀gùsí láìsọ fún ẹnì kankan. Ọbẹ̀ náà tán kí aago méjì tó lù. Ó wá bi mí pé èló ni wọ́n ń ta ìgò ńlá rẹ̀.