Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn aṣọ kọ́tìnnì

Mo ń kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ kọ́tìnnì ní yáàdì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń rán an fúnra yín, pé kí ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀pá ìwọnṣọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pá tí wọ́n fi wọn tèmi ní ọjà Gbági, ní Ìbàdàn, kò ju íǹṣì 33 lọ, bẹ́ẹ̀ íǹṣì 36 ni yáàdì kan.

Fèrèsé méjì ni mo fẹ́ rán kọ́tìnnì sí ní pálọ̀. Aṣọ náà fẹ̀ ní íǹṣì 60, nítorí náà abala mẹ́ta ni fèrèsé kọ̀ọ̀kan yóò gbà kí ó tó kún dáadáa. Íǹṣì 90 ni mo fẹ́ kó gùn. Mo fi 12 kún un fún ìṣẹ́tí òkè àti ti ìsàlẹ̀. Abala mẹ́fà tó gùn ní íǹṣì 102 jẹ́ yáàdì 17 géérégé, mo sì ra 18 kí ó má baà dín. ₦3,000 ni yáàdì kan. ₦54,000 ni mo kà lé obìnrin tó ta aṣọ náà lọ́wọ́, ó sì ń pè mí ní "àǹtí mi" tẹ̀rín-tẹ̀rín bí ó ti ń fa aṣọ lórí ọ̀pá, tí ó ń kà á kíákíá débi pé ojú mi kò lè bá a.

Abala márùn-ún pé. Ìkẹfà jẹ́ íǹṣì 84. Íǹṣì 84, kí n tó ṣẹ́ etí rẹ̀ rárá! Mo kọ́kọ́ rò pé èmi ni mo gé e kù, mo tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo tún un wọ̀n, mo ń bú ara mi, ọkọ mi sì ń bi mí pé ṣé òun kò ti sọ pé kí n gbé e fún télọ̀. Nígbà tí mo padà lọ, tí mo fi téèpù wọn ọ̀pá náà lójú obìnrin aláṣọ náà, ohun tí ó sọ ni pé èmi ni mi ò mọ aṣọ gé, àti pé àwọn kì í gba aṣọ tí a ti gé padà. Èmi tí wọ́n jà lólè ni mo wá di aláìmọ̀ọ́ṣe lójú gbogbo ìsọ̀!

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi téèpù wọn ọ̀pá náà kí n tó sanwó. Ẹni tó ń tajà ló yẹ kó ní òṣùwọ̀n tó pé. Téèpù sì wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà o, èyí gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Ẹ wọn ọ̀pá kí wọ́n tó wọn aṣọ. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ láti ara igàn kan ṣoṣo, nítorí àwọ̀ igàn mìíràn lè yàtọ̀. Igàn tèmi ti tán, èyí tí mo rí tí mo fẹ́ fi dí i sì dúdú jù ú lọ. Ní tèmi, mi ò gba aláṣọ kankan gbọ́ mọ́, ìbáà jẹ́ ìyá arúgbó. Bí wọ́n bá ní ẹ ń fi àkókò àwọn ṣòfò, ẹ kó owó yín kí ẹ máa lọ, ìsọ̀ aláṣọ kò wọ́n ní Gbági.